Hàntú Kì í Ṣe Omi

Nígbà tí odò kún tó gbé ilé ìwòsàn lọ, wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà káàkiri bí ẹní pín sààrà. Aqeelah ni wọ́n dá padà sí Ìwó, ìlú tí wọ́n bí i sí, sínú ilé kéwú bàbá rẹ̀ àgbà, Alfa Gàníyù. Orí òkè ló wà, òrùlé rẹ̀ ò sì ṣí. Orí ẹní tí Aqeelah ti ké alífù, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú kéwú, nígbà èwe ni àwọn aláìsàn wá nà gbalaja sí báyìí. Onígbáméjì ló kó wọn dé. Ẹ má gbàdúrà kẹ́ ẹ rí i o! Ẹni tó ti oko dé láàárọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, ojú rẹ̀ á ti jìn wọnú.

Dókítà Oyèdàmọ́lá, ọ̀gá rẹ̀, ti gun ọ̀kadà lọ sí Ilé-Ogbó lọ wá omi dírípù kún ìwọ̀nba tó kù. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní, “Aqeelah, ìwọ lo wà níbí o. Bi gbogbo wọn léèrè, omi wo ni wọ́n ń mu. Bí a ò bá mọ ibi tí àrùn yìí ti ń wá, ajere là ń pọnmi sí.”

Òun kẹ̀! Ọmọ tí kò tíì dá fi dírípù sí ẹnikẹ́ni lára rí! Bó bá ti di abẹ́rẹ́ mú báyìí, ẹ̀rù á bà á, ọ̀gá á sì gbà á ṣe. Ta ni yóò gbà á lónìí?

Ó bi wọ́n léèrè. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: omi inú ọ̀rá ni. Rédíò ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi kànga, wọ́n sì gbọ́. Kí ló wá ń pa wọ́n? Ẹ̀rù wá gorí ẹ̀rù.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Hàbíbátù jókòó ti Kàbírù ọmọ rẹ̀, tí ọ̀gá ti fi dírípù sí lára kí wọ́n tó lọ. Ọmọ náà lajú. Ni ìyá bá fa ìgò kan yọ lábẹ́ ìró, omi inú rẹ̀ dúdú díẹ̀, ó fẹ́ fi sí i lẹ́nu.

“Ìyá Kàbírù, omi wo nìyẹn?”

“Kì í ṣe omi o. Hàntú ni. Ọ̀dọ̀ Bàbá Alfa ni mo ti gbà á. Gbogbo àdúgbò ló ń gbà á látìgbà tí odò ti kún, wọn ò sì gba kọ́bọ̀.”

Aqeelah tẹjú mọ́ ìgò náà. Ta ni kò mọ hàntú ní Ìwó? Bàbá á fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára wàláà, wọ́n á fi omi ṣàn án sínú abọ́, aláìsàn á mu ún. Kò sí ìdánwò tí òun fúnra rẹ̀ ṣe tí kò mu ún kó tó lọ. Àmọ́ omi wo ni Bàbá fi ń ṣàn án? Ti kànga ẹ̀yìnkùlé ni. Ṣalángá tí àgbàrá kún nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Yéè, mo gbé!” Ó já ìgò náà gbà. Àwọn èèyàn ò purọ́ o. Hàntú ni hàntú ń jẹ́, ta ló ń kà á mọ́ omi?

Bó bá jáde lọ sọ fún ìlú pé hàntú Alfa ló ń pani, wọ́n á ní ìwé ti yí i lórí, wọ́n á sì máa mu ún ní kọ̀rọ̀. Ẹnu Bàbá nìkan ni wọ́n ti lè gbà á gbọ́. Ta ló wá fẹ́ kó irú ọ̀rọ̀ yìí síwájú Bàbá? Abẹ́rẹ́ ń bà á lẹ́rù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lẹ́sẹ̀ dúró. Ó sáà wọ yàrá Bàbá lọ, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.”

Bàbá fẹ̀yìn ti ògiri, wàláà wà lórí itan wọn. Oríkì rẹ̀ ni wọ́n fi pè é: “Kí lo ṣe, Àṣàbí?”

Ó sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Bàbá ń wo abọ́ tó wà níwájú wọn.

“Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ò léèérí.”

“Kò léèérí, Bàbá. Omi kànga ló léèérí.”

“Èmi náà ò mu omi kànga,” ni wọ́n wí. “Wàláà nìkan ni mo fi ń fọ̀.” Wọ́n gbójú sókè. “Lọ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn alágbèéká mọ́ṣáláṣí wá.”

Wọ́n fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Ìgbà yẹn ni Aqeelah rí garawa tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ojú Bàbá ti jìn.

“Bàbá! Láti ìgbà wo?”

“Láti àárọ̀. Mi ò fẹ́ dí ọ lọ́wọ́. Mo ń mu hàntú sí i.” Wọ́n jágbe, “Mo ní o lọ gbé e wá!”

Ó sáré lọ gbé e. Bàbá gbé e súnmọ́ ẹnu. “Èmi Gàníyù ni o. Ẹ da hàntú tí mo fún yín nù. Omi tí mo fi ṣe é ni ò dáa. Ẹjọ́ mi ni, ẹ dárí jì mí.” Gbogbo ìsàlẹ̀ òkè ló gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Aqeelah gbé dírípù tó kù wá, ó so apá wọn, ó gún un. Iṣan ti rọ, abẹ́rẹ́ ò rí i. Ó tẹ́tí sí títì, kò gbúròó ọ̀kadà kankan.

“Bàbá, kò wọlé.”

Bàbá la ojú díẹ̀. “Alífù tí o kọ́kọ́ kọ níbí, ṣé ó gún?”

“Kò gún, Bàbá.”

“Kí ni mo ní kí o ṣe?”

“Ẹ ní kí n tún un kọ.”

Wọ́n pa ojú dé. Ó fi èjìká nu omijé, ó mú abẹ́rẹ́ mìíràn, ó tún apá náà so. Ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́nu abẹ́rẹ́, omi dírípù bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

“Bàbá, ó ti wọlé! Bàbá?”

Ojú Bàbá ò là. Ó fi ìka wá ọrùn ọwọ́ wọn kiri títí ó fi kan ibi tó ń lù, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ó di ọwọ́ náà mú, kò jẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́.