Ẹrù Àdúrà Tí Mo Gbé Lọ ní Ọjọ́rú

Ohun tó ń rí mi lára jù láyé yìí ni kí obìnrin kúnlẹ̀, kó dijú, kó wá máa fi orúkọ Jésù tú àṣírí ẹlòmíràn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnu tèmi gan-an ti ṣe é rí.

Ọdún kejì tí ogun abẹ́lé parí ni. Àdúgbò Ṣàngó níbí ní Ìlọrin là ń gbé, nínú ilé Alhaji kan tó yá wa ní yàrá. Ìjọba Kwara ń gba èèyàn síṣẹ́ nígbà náà, akọ̀wé sì ni ọkọ mi. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni ti Ìbídùn àti Olúdáre ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni gbogbo wa, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ, iná kan là ń dá. Bí mo bá lọ sọ́jà, ọmú Ìbídùn ni Ìyábọ̀dé ọmọ mi ń mu. Èwo ló tún kù nínú ọ̀rẹ́?

Ìbejì ni Ìbídùn bí. Táyéwò kú. Kẹ́hìndé tó kù, gìrì ò jẹ́ kó gbádùn. Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n fún un lóògùn, gìrì á lọ, á tún padà. Ṣọ́ọ̀ṣì gbààwẹ̀, ó tún padà. Nígbà tó sú Ìbídùn, Sàfúrátù, ìyàwó onílé wa, mú un lọ sọ́dọ̀ ààfáà kan lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Ààfáà fi tàdáwà kọ̀wé sára wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó ní kí wọ́n fún ọmọ mu. Ọmọ mu ún.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, à ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ni Ìbídùn sọ ọ́ fún mi.

"Ìyá Ìyábọ̀, ojú ń tì mí. Àmọ́ kí ni ǹ bá ṣe? Mo ti sin ọ̀kan."

"Ọlọ́run mọ ọkàn rẹ," ni mo wí.

"Má jẹ́ kó détí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì o."

"Èmi? Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

Kò mọ̀ mí. Èmi náà ò mọ ara mi.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni ẹgbẹ́ obìnrin máa ń pàdé. Kí a tó kúnlẹ̀, oníkálukú á sọ ẹrù àdúrà tó gbé wá. Bí ẹrù rẹ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ṣe ń kà ọ́ sí ẹni ẹ̀mí tó. Bí ẹnì kan bá ní "orí ń fọ́ mi", wọn á kàn ní "pẹ̀lẹ́". Ṣùgbọ́n bí ó bá ní "ọkọ arábìnrin wa kan ò sùn nílé mọ́", ẹ ó rí i tí àga ń sún mọ́ àga.

Ìyá Fọláránmi, olórí ẹgbẹ́, kọjú sí mi lọ́jọ́ náà. "Ìyá Ìyábọ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ẹ ti ń wá lọ́wọ́ òfo. Àbí ilé tiyín ti di ọ̀run ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gún mi lára. Mo dìde, mo káwọ́ pọ̀. "Ẹ jẹ́ ká ran arábìnrin wa kan lọ́wọ́ nínú àdúrà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ tó ní gìrì lọ sọ́dọ̀ ààfáà, ọmọ sì mu tàdáwà."

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀! Ọmọ mélòó ló ní gìrì nínú ìjọ wa?

Wọ́n gbàdúrà títí gèlè fi ń já bọ́ lórí wọn. Bí a ṣe ṣe àmín tán, wọ́n gbé gúgúrú àti ẹ̀pà jáde.

"Ṣé ó mu ún tán? Ṣé kò bì í?"

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Òun náà á ti lá díẹ̀ níbẹ̀!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èèpo ẹ̀pà lẹ̀ mọ́ wọn létè. Èmi náà nawọ́, mo bu ẹ̀pà.

Àwọn àgbà ìjọ pe Ìbídùn, kò purọ́ fún wọn. Wọ́n ní kó máa jókòó sórí àga ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́ta, kó má sì jẹ oúnjẹ Olúwa. Àwọn obìnrin wa sọ ọ́ ní Ìyá Alátàdáwà. Mo fojú mi rí ẹni tó gba ife lọ́wọ́ Kẹ́hìndé nídìí àmù ṣọ́ọ̀ṣì, tó fi yanrìn fọ̀ ọ́ kí ọmọ tirẹ̀ tó fi mu omi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Èyí tó burú jù ni pé Sàfúrátù ni Ìbídùn mú.

"Ìwọ lo lọ ń fọ́nnu pé o mú Kìrìsìtẹ́nì lọ sọ́dọ̀ ààfáà!"

"Wàláhì, Ìyá Ìbejì, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Alhaji gan-an ò gbọ́."

"Má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Ìbídùn wọlé tọ̀ mí wá, ó gbórí lé mi léjìká. "Ìwọ nìkan ló kù fún mi." Mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ọwọ́ yẹn ń rùn sí èmi tí mo ni ín.

Kò pẹ́ tí gìrì tún fi mú Kẹ́hìndé lọ́sàn-án gangan. Ìbídùn figbe ta. Sàfúrátù ti sáré dá takisí dúró lójú títì, ó wọlé láti gbé ọmọ. Ìbídùn dínà mọ́ ọn.

"Jáde! Ọ̀dàlẹ̀! O ò ní fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́!"

Ojú ọmọ ti yí sókè. Sàfúrátù wò mí. Ó ti mọ̀. Ta ló tún lè jẹ́?

"Ìyá Ìbejì, jẹ́ kó gbé e," ni mo wí. "Kì í ṣe òun. Èmi ni mo sọ ọ́."

"Níbo?"

"Nínú àdúrà."

Ó wò mí bí ẹni tó rí ìdin nínú ọbẹ̀. "Nínú àdúrà! Ì bá sàn kí o kígbe rẹ̀ lọ́jà. Bí ó bá jẹ́ ọjà ni, ǹ bá mọ̀ pé òfófó ni." Ó gbé ọmọ lé Sàfúrátù lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sáré jáde. Kò ní kí n tẹ̀ lé àwọn.

Ọmọ yè. Ìbídùn kúnlẹ̀ fún Sàfúrátù ní àgbàlá, lójú gbogbo ilé. Ní tèmi, kò dá mi lóhùn ìkíni.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Olúwa wa ní bí arákùnrin ẹni bá ṣe àṣìṣe, kí á lọ bá a, àwa àti òun nìkan. Èmi àti Ìbídùn nìkan kọ́ ló wà nídìí ẹ̀wà ni? Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ká mi lára, kí ló dé tí mi ò dì í lọ́wọ́ mú kí á jọ gbàdúrà níbẹ̀? Ìfẹ́ kọ́ ló gbé mi dìde lọ́jọ́rú yẹn. Mo fẹ́ kí àga sún mọ́ àga mi ni.

Mo padà lọ sí ìpàdé, mo sọ ọ́ fún wọn. "Èmi ni mo tú àṣírí, ẹ̀yin ni ẹ jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ ẹ́."

Ìyá Fọláránmi mi orí. "Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún Ìyá Ìyábọ̀. Ẹ̀mí kan ń dà á láàmú."

"Ẹ má gbàdúrà fún mi, mà! Ìbídùn ni kí ẹ lọ bẹ̀."

Ẹyọ ẹnì kan ò dìde. Wọ́n ti ń dijú. Mo jáde, mo tutọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo kọjá àga wa, mo lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbídùn lẹ́yìn. Gbogbo gèlè ló yí padà wò wá. Òun ò wò mí. Wọ́n pín oúnjẹ Olúwa níwájú, mi ò dìde. Nígbà tó yá, mo rí i tó ń fa nǹkan lábẹ́ ìdí mi.

"Sún," ó ní, "o jókòó lé aṣọ mi."

Mo sún.