Ìgò Ìtọ̀ Adébóyè

Ẹni tó bá sọ pé ọgbọ́n kì í pa ẹni tó ni ín, kó wá bi wá léèrè Adébóyè ará Odigbo. Ọkùnrin náà gbọ́n. Ó gbọ́n débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọgbọ́n gé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọnù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí àwọn kan ń bù mọ́ ọn káàkiri ibùdókọ̀ Ore, wọ́n ní ìtọ̀ ewúrẹ́ ló ń gbé lọ fún nọ́ọ̀sì. Irọ́ ni. Kò sí ewúrẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà gbàjọba ni. Ṣúgà, mílíìkì, ọṣẹ àti òróró ti di ohun tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ́ńkò, ìyẹn ọjà kòṣeémánìí, èèyàn kò sì lè rí i rà àfi tó bá tò sórí ìlà. Adébóyè ti tò láti ìdájí nítorí páálí ṣúgà kan péré, torí lójú tirẹ̀, gààrí tí kò ní ṣúgà, oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n ni. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Ó lọ tọ̀, ó padà. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó mu omi ife mẹ́ta, ó tún lọ tọ̀. Nígbà tó máa lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ṣọ́jà kan tó ń ṣọ́ ìlà dì í mú.

“Bàbá, ẹ ti ya kúrò lórí ìlà lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Ọ̀gá, ìtọ̀ ni.”

“Ìtọ̀ wo? Ẹ fò bí ọ̀pọ̀lọ́!”

Adébóyè fò. Bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, alàgbà ìjọ, ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó fò lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún ó nà gbalaja sílẹ̀. Àmínù, awakọ̀ tó máa ń ná Odigbo sí Ore, ló gbé e sínú ọkọ̀ tó sì sáré gbé e dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà Ore.

Sísítà Moyọ̀sọ́lá ni nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀, àwọn tó wà lójú títì á wẹ̀yìn. Ó gba ìtọ̀ Adébóyè díẹ̀, ó dà á mọ́ omi búlúù kan nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó sè é lórí iná. Omi búlúù náà yí padà, ó pupa bíi bíríkì.

“Bàbá, ṣúgà ló wà nínú ìtọ̀ yín.”

Adébóyè rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. “Ṣúgà kẹ̀? Èmi tí mo tò fún wákàtí mẹ́rin tí n kò fojú kan hóró? Gbogbo Nàìjíríà ń wá ṣúgà, inú ìtọ̀ mi ló wà?”

“Bàbá, ẹ rọra sọ̀rọ̀,” ni Àmínù wí lẹ́nu ọ̀nà. “Tí ṣọ́jà bá gbọ́, wọ́n á ní ẹ ń kó ẹsẹ́ńkò pamọ́.”

Sísítà kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì í, ó sì là á yé e pé àtọ̀gbẹ ni, pé kì í ṣe ṣúgà inú páálí nìkan ló ń fà á. Púpurú, ẹ̀bà, iṣu, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà bí wọ́n bá dénú, ara Adébóyè kò sì rí i lò mọ́, ìyẹn ló fi ń bá ìtọ̀ jáde. Ó ní àìsàn náà kì í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ́jú ara rẹ̀ lè bá a gbé títí di arúgbó. “Ẹni tí kò bá tọ́jú ara rẹ̀, ẹsẹ̀ ni kó máa ṣọ́. Ẹsẹ̀ á kú tipiri, ọgbẹ́ á wọ̀ ọ́, ẹni tó ni ẹsẹ̀ kò ní mọ̀, títí wọn á fi gé e.”

Ẹ̀rín Adébóyè dá wáí. Oko kòkó rẹ̀ wà ní Omifunfun, òkè wà níbẹ̀, odò méjì ni èèyàn sì máa là kọjá kó tó dé ìdí kòkó. Ẹlẹ́sẹ̀ kan kò lè dé ibẹ̀. Ẹ̀rù bà á gidi lọ́jọ́ náà, ó sì ṣèlérí fún Ọlọ́run àti fún Sísítà pé òun á máa wá sí kíláàsì tó ń ṣe fún àwọn alátọ̀gbẹ.

Kíláàsì náà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àwọn bíi méjìlá ló ń wá, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Sísítà á kọ́ wọn pé kí púpurú má ju ìkúùkù lọ, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí èèyàn máa rìn, kó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́, kó sì máa gbọn bàtà kó tó wọ̀ ọ́. Oníkálukú á gbé ìtọ̀ àárọ̀ rẹ̀ wá nínú ìgò, Sísítà á sè é lójú gbogbo wọn. Bó bá dúró ní búlúù, wọ́n á pàtẹ́wọ́, Sísítà á sì dín oògùn onítọ̀hún kù, nítorí oògùn ti di ọ̀wọ́n gógó, ẹni tí ara rẹ̀ nílò rẹ̀ jù ni kí ó rí i. Ṣùgbọ́n bó bá pupa, ẹni náà á dìde, á ka gbogbo ohun tó jẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Sísítà ní kì í ṣe láti dójú tì wọ́n, pé kí àwọn lè jọ mọ ibi tó ti wá ni.

Ìtọ̀ Adébóyè pupa ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó dìde.

“Mo jẹ púpurú.”

“Báwo ló ṣe tóbi tó, Bàbá?”

“Bí ìkúùkù.”

“Ìkúùkù ta ni?”

Adébóyè fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. Alhaja Hafeezah, tó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà, wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Ìkúùkù erin ni, Sísítà.”

Ẹ wo ẹ̀rín! Àwọn kan ń lu itan. Adébóyè fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Alàgbà tó ń ka Bíbélì fún ìjọ, òun ni wọ́n ń kó púpurú rẹ̀ jáde ní gbangba bẹ́ẹ̀ yẹn! Nígbà tó fi máa dé Odigbo, ó ti pinnu pé ìyà yẹn kò ní jẹ òun mọ́.

Ibí yìí ni ọgbọ́n ti wọ̀ ọ́. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ta kòkó. Bí ẹni tí ń yẹ kòkó wò bá ń bọ̀, Adébóyè mọ bí wọ́n ṣe ń di àpò: èyí tó gbẹ dáadáa á wà lókè, èyí tí kò tíì gbẹ á fara pamọ́ sínú. Ó wo Sísítà, ó wo ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ní, ‘Èyí náà kò yàtọ̀. Ayẹ̀wò ni gbogbo wọn. Èyí tó dára ni wọ́n ń fi hàn aláyẹ̀wò.’ Ẹ gbà mí o! Ó gbàgbé pé kòkó, ó máa ń tà á ni. Ta ló fẹ́ ta ara rẹ̀ fún?

Ó pe Olútóyìn ìyàwó rẹ̀. “Nọ́ọ̀sì ní kí ìyàwó oníkálukú máa fi ìtọ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ ilé ń ṣe aya náà lóore.”

Inú Olútóyìn dùn. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò sí ìjọba kan tó béèrè òun rí àfi nígbà ìbò. Ó fi omi gbígbóná fọ ìgò, ó fi aṣọ mímọ́ wé e, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń gbé e fún ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nírọ̀lẹ́ á béèrè:

“Kí ni wọ́n wí sí tèmi?”

“Wọ́n ní ó dára.”

“Ó dára báwo?”

“Búlúù ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́.”

Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ pé ìtọ̀ Olútóyìn gba àtẹ́wọ́ ní Ore.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wá ń lọ. Ìgò Adébóyè kò yí padà mọ́. Sísítà dín oògùn rẹ̀ láti hóró méjì lójúmọ́ sí ọ̀kan, láti ọ̀kan sí ààbọ̀, nígbà tó yá ó gba ààbọ̀ náà fún ẹlòmíràn. Ó fi Adébóyè ṣe olórí kíláàsì. Adébóyè á dìde, á na ìkúùkù sókè, á máa wàásù. Bó bá délé, á fi ọwọ́ méjèèjì ká púpurú mọ́ra. Bẹ́líìtì rẹ̀ ń tú, ó ní ara òun ń le ni. Ojú rẹ̀ ń ṣú, ó ní ìwé orin ìsinsìnyí ni wọn kò tẹ̀ dáadáa. Bàtà rẹ̀ tó máa ń fún un lẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò fún un mọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ̀. Ó dúpẹ́ o! Orí kunkun yẹn!

Oṣù mẹ́ta kọjá báyìí. Ìròyìn rẹ̀ dé etí dókítà kan ní Àkúrẹ́, dókítà náà sì ní òun ń bọ̀ wá wo bàbá tó fi ìkúùkù ṣẹ́gun àtọ̀gbẹ. Lọ́jọ́ tí ó ń bọ̀, Adébóyè wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Kérésì. Àmínù ń fun fèrè lójú títì, Adébóyè ń kánjú, ó gbàgbé ìgò sílé. Ó dé Ore kó tó rántí. Ó ní kò burú, òun ló máa sọ̀rọ̀ lónìí, wọn kò ní sè tòun.

Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. “Ohun tó gbà kò ju ìfarabalẹ̀ lọ,” ni Adébóyè ń wí, “àti òtítọ́ inú,” nígbà tí alùpùpù kan dúró níwájú ilé. Olútóyìn sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lórí, ó gbá ìgò mọ́ àyà. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Sísítà. Ẹ má bínú, bàbá gbàgbé ìtọ̀ mi sílé. Láti oṣù mẹ́ta n kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, mo ní kí n má ba ìwé yín jẹ́.”

Dókítà dáwọ́ ìkọ̀wé dúró.

“Ìtọ̀ ta ni?” ni Alhaja Hafeezah béèrè.

“Tèmi ni. Èyí tí ẹ máa ń sè.”

“Ti bàbá wá ńkọ́?”

Olútóyìn wo ojú gbogbo wọn. “Ah-ah. Ṣé ẹ ń gba tiwọn náà ni?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì bọ́ sílẹ̀. Àmínù fẹ̀yìn ti ògiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Dókítà yọ awò ojú, ó ń nù ún, kò sì lè wo ẹnikẹ́ni lójú. Adébóyè dúró nínú agbádá Kérésì, ìkúùkù rẹ̀ ṣì wà lókè.

Sísítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ń fi ìka tọ àwọn ìlà: méjì, ọ̀kan, ààbọ̀, kò sí. Ó pa ìwé dé.

“Bàbá, ẹ bọ́ bàtà yín.”

Adébóyè bọ́ ọ. Òórùn tó jáde pa gbogbo ẹ̀rín lẹ́nu wọn. Èèpo ẹkùrọ́ kan ti gún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ọmọ ìka tó kéré jù, ó ti rì sínú ẹran, ìka náà sì ti dúdú. Ó ti fi rìn lọ sí oko. Ó ti fi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò mọ̀ ọ́n lára rárá.

“Ṣé ẹsẹ̀ mi nìyí?” ló wí.

Sísítà kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ náà mú. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ọwọ́ ara mi ni mo fi gba oògùn lẹ́nu yín, Bàbá. Ẹ sì ń wò mí. Ẹ tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Adébóyè ti rí aláyẹ̀wò tó bínú sí kòkó rẹ̀, ó ti rí ẹni tó da àpò rẹ̀ nù. Kò rí ẹni tó sunkún rí. Ojú tì í, ojú tì í ju ti ọjọ́ tí wọ́n ní kó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lọ.

Dókítà fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ. Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ náà, wọ́n rí ìyókù ẹsẹ̀ náà gbà là, Ọlọ́run ló ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Olútóyìn fi tọ́jú rẹ̀ lórí ibùsùn tí kò bá a sọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó máa lanu, ohun tó béèrè ni pé:

“Ṣé tèmi tiẹ̀ búlúù lóòótọ́?”

“Búlúù ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lóòótọ́.”

Olútóyìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kó tó parí. Ó ní, “Ẹ ò bá kú, ẹ̀yin ọkùnrin yìí. Ẹ ò bá kú, kí wọ́n wá máa sọ pé ìtọ̀ mi ni mo fi pa yín.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Adébóyè padà sí kíláàsì pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ó gbé ìgò rẹ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kódà Alhaja sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Sísítà dà á mọ́ omi búlúù, ó gbé e lé iná. Gbogbo wọn na ọrùn. Ó kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé, ó pọ́n bí epo, ó sì pupa.

Adébóyè dìde kí ẹnikẹ́ni tó ní kó dìde. Ó fọwọ́ lé ọ̀pá.

“Pupa ni, Sísítà,” ló wí. “Ṣùgbọ́n tèmi ni.”

Sísítà kọ ọ́ sínú ìwé, ó ka oògùn méjì sí i látẹ́lẹwọ́, ó sì dúró tì í títí ó fi gbé e mì.