Ààlè Lára Káséètì

Ìyá Múda jókòó síwájú àpótí irin ńlá náà ní Pobè, kò sì mọ̀ bóyá ebi ń pa òun tàbí kò pa òun. Inú àpótí yìí ló ti ń bá ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pẹ tọ́jú káséètì, èyí tí kọ̀ǹpútà ń da iṣẹ́ rẹ̀ kọ sí kó má baà sọnù. Oríṣi kọ̀ǹpútà méjì ló ń lò ó: arúgbó kan tó ga bí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n rà ní àlòkù ní Kútọnu, àti àwọn sẹ́fà kéékèèké tuntun. Apá irin kan ṣoṣo ló ń bá gbogbo wọn mú káséètì.

Ọjọ́ tí wọ́n kó káséètì wọn pọ̀ sójú kan, Ìyá Múda lẹ àkísà pupa mọ́ ẹ̀yìn gbogbo káséètì arúgbó. Ààlè ni. Ní oko ọ̀pẹ wọn ní Ahoyéyé, ta ni yóò rí àkísà pupa lórí òkìtì ẹyìn tí yóò fọwọ́ kàn án? Ó tiẹ̀ jó yí àpótí náà ká, ó ní, "Kí olè wá, kí n rí i!"

Apá irin kò lójú. Inú ètò àwọn sẹ́fà ló yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́ pé káséètì báyìí-báyìí kì í ṣe tiwọn, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́. Wọn ò lè ka ìwé arúgbó, wọ́n pe káséètì rẹ̀ ní òfìfo, wọ́n sì kọ tiwọn lé e lórí. Ìwọ̀n àwọn ọ̀pẹ Ahoyéyé ló wà níbẹ̀, tí Bọ́láwájí ọkọ Ìyá Múda ń wọ̀n lọ́dọọdún títí ó fi kú. Ó ku ẹ̀dà tó wà ní Sakété nìkan. Crépin, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ti lọ wò ó.

Lambert, ọ̀gá ẹgbẹ́, gbé fóònù wọlé. "Crépin rèé, Màmá."

"Màmá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yìn tí sẹ́fà ti bà á jẹ́ tán ni wọ́n ṣe ẹ̀dà tibí. Ohun kan náà ló wà nínú ẹ̀. Ẹ má bínú."

"Ta ni kí n bínú sí? Èmi tí mo fi àkísà dẹ́rù ba irin? Ọpọlọ mi ti sọ̀ kalẹ̀ sídìí, mo sì jókòó lé e." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà jáde bí ikọ́.

Lambert ní, "Ẹ sunkún, Màmá."

"Kò wá. Gbogbo ara mi rí bí ẹsẹ̀ tó kú tipiri." Ó sún mọ́ fóònù. "Crépin, àwọn káséètì tó kù ńkọ́?"

"Mo ti ń kọ ọ́ sínú ètò sẹ́fà báyìí, wọn ò ní fọwọ́ kàn wọ́n mọ́."

"O ṣeun, ọmọ mi." Ó yíjú sí Lambert. "Àwọn ọ̀pẹ náà ṣì wà lórí ìdúró?"

"Wọ́n wà."

"A ó tún wọn wọ̀n."

"Ọdún tó ti lọ ńkọ́?"

"Ìyẹn ti bá ẹni tó wọ̀n ọ́n lọ."

Ó wọ bàtà, ó sì bọ́ sójú títì lọ wá takisí tó ń lọ sí Ahoyéyé.