Páálí Tí Wọn Ò Tíì Ṣí

"Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà!"

Àǹtí, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó dúró sáàárín iyàrá bí ọlọ́pàá tó wá tú ilé. "Àbí ṣọ́ọ̀bù lẹ fẹ́ ṣí ni? Níbo lèèyàn máa gbẹ́sẹ̀ sí?"

Kò parọ́. Páálí ló gba iyàrá náà. Páálí pámpásì gorí ara wọn láti ilẹ̀ kan àjà, wọ́n dí fèrèsé pa. Páálí wàrà ọmọ wà lábẹ́ tábìlì, agolo oúnjẹ ọmọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọṣẹ àti ìpara wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Máṣíìnì ìránṣọ ìyá ọmọ há sí igun, ó fara mọ́ ògiri bí àlejò tí wọn ò fún ní àga.

Ìyá ọmọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ilẹ̀. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Oníbàárà tó bá bá a fa wàhálà, á gbọ́ èyí tí ìyá rẹ̀ ò sọ fún un rí. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti bímọ, ẹnu náà ti wọlé lọ jókòó.

Òun fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù yìí wálé nígbà tí oyún ṣì wà nínú. Obìnrin tó ń ta ọjà ọmọdé ní páálí páálí ló sọ fún un pé, "Ẹni tó bá ń ra pámpásì lẹ́yọ lẹ́yọ, ọmọ alágbàtà ló ń bá a tọ́." Ọ̀rọ̀ náà wọ aránṣọ létí. Ó ra ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà kó lè dín ìnáwó kù. Ó sì ra pámpásì ńlá ńlá, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá a débẹ̀: aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í rán aṣọ ọmọdé mọ́ ọn lára. Àyè ni wọ́n ń fi sílẹ̀.

"Á dàgbà bá a," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè.

Ọmọ ò dúró dàgbà. Kò tilẹ̀ dúró kí oṣù pé. Ó já wọ ayé nígbà tẹ́nikẹ́ni ò retí rẹ̀, bàtà bàbá rẹ̀ sì gùn jù ú lọ. Inú àpótí gíláàsì tó ń móoru ni wọ́n gbé e sí lọ́sibítù, pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ nímú.

"Àǹtí, ẹ rọra," ni ọkọ wí. Fíríìjì ló máa ń tún ṣe, ara rẹ̀ sì tutù bí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣé mo ní ọmọ ò ní yè ni? Ẹnu mi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ! Ṣùgbọ́n wo ojú ìyàwó rẹ. Á sùn, páálí. Á jí, páálí! Ṣé èèyàn kì í ṣe ẹran ara ni?"

Òótọ́ ni, kò kàn dùn ni. Ọlọ́jà náà ti ṣèlérí pé òun á gba ẹrù padà títí di ọ̀la, bí wọn ò bá tíì ṣí páálí. Èyí tí wọ́n bá ti ṣí, ẹni tó ṣí i ló ni ín.

"Ẹ kó wọn lọ," ni ìyá ọmọ wí, kò gbójú sókè. "Bàbá ọmọ, wá ọkọ̀. Mi ò fẹ́ bá wọn nílé tí mo bá ti ọsibítù dé."

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Dókítà ní ọmọ ò tíì tọ̀ látàná. Ó ní tí kò bá tọ̀, kíndìnrín rẹ̀..." Ó gbé ìyókù mì. "Ẹni tí ò tọ̀, kí ló fẹ́ fi pámpásì ṣe?"

Àǹtí, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Lọ́sibítù, ìyá ọmọ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì wọ aṣọ tí wọ́n fún un. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ obìnrin sísanra kan tó máa ń pe gbogbo ọmọ inú àpótí ní Alága.

"Ìyá Alága, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá bá mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fẹ́ pààrọ̀ aṣọ ìdí rẹ̀."

"Ṣó ti tọ̀?"

"Ó ṣì gbẹ o. Alága ń ṣakọ sí wa." Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ìyá ki ọwọ́ bọ ihò ara àpótí náà. Oríṣiríṣi aṣọ olówó ńlá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ kan ohun tó fẹ́lẹ́ tó awọ ẹsẹ̀ yẹn rí. Ó rí iṣan lábẹ́ rẹ̀ bí òwú. Ó rí èékánná lórí gbogbo ìka, wọ́n kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kò sì sí ìkankan tí wọ́n gbàgbé. Òun tó ń fojú lásán wọn èèyàn láìlo téèpù, ó wá ojú ìránpọ̀ títí, kò rí i. Ta ló rán èyí?

"Ọmọ mi," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, "tọ̀. Jọ̀ọ́. Bó bá wù ọ́, tọ̀ sí mi lójú."

Nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ ìdí náà. Ọmọ fún ojú pọ̀ bí àgbàlagbà tó fẹ́ sín. Lójijì, omi kan ta jáde lára rẹ̀, tín-ín-rín, ó gùn gbọọrọ bí òwú tó ń tú lára kẹ̀kẹ́, ó gba ojú ihò àpótí jáde, ó sì bá nọ́ọ̀sì láyà. Kò dúró. Ó tún ń bọ̀.

"Yéè! Alága!" Nọ́ọ̀sì ò sá. Ó dúró gbà á bí ẹni tí òjò àkọ́rọ̀ ń pa. "Ẹ bá mi pe dókítà! Alága ti tọ̀! Èmi ló tọ̀ sí lára!"

Ìjì ti ṣí òrùlé lórí ìyá ọmọ rí, kò bà á lẹ́rù tó omi tín-ín-rín yìí. Ara tí kò tó ẹrù ọwọ́ kan! Ibo ló tọ́jú agbára yẹn sí? Ó wo ọmọ náà bí èèyàn ṣe ń wo òkè ńlá, láti ìsàlẹ̀.

Dókítà dé, ó wo àyà nọ́ọ̀sì tó tutù rinrin, ó mi orí. "Ọ̀nà ṣì jìn o, ìyá. Ṣùgbọ́n èyí dára. Ó dára gan-an."

Nígbà tó délé, ọkọ̀ akẹ́rù ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti kó páálí mélòó kan sínú rẹ̀. Àǹtí rí i, ohùn rẹ̀ sì já. "Ìyàwó, kí ló dé? Ṣé ọmọ...?"

Ìyá ọmọ gba àárín wọn kọjá lọ sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó mú àlùmọ́gàjí, ó padà síta, ó sì ki ẹnu àlùmọ́gàjí náà bọ páálí pámpásì tó wà lókè pátápátá nínú ọkọ̀. Ó fà á ya dé ìsàlẹ̀.

"Ọlọ́jà ò ní gbà á mọ́ o!" ni Àǹtí ké.

"Ó tọ̀," ni ìyá ọmọ wí.

Ọkọ rẹ̀ gbé páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì fìdí lé e.

Ìyá ọmọ fa pámpásì kan yọ, ó tẹ́ ẹ sí àyà ara rẹ̀, ó fọwọ́ tún un ṣe. Yóò bo ọmọ náà láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Àǹtí wò ó, ó tún un wò. "Ó mà tóbi jù o, ìyàwó."

"Á dàgbà bá a."

Àǹtí nu ojú rẹ̀, ó fọn imú, ó sì na ọwọ́. "Gbé àlùmọ́gàjí yẹn wá. Ọwọ́ ẹ ti lọ́ra jù."