Hóró Kẹrin

Bàbá jí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ yìí lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì béèrè ẹni tó kú.

"Kò sẹ́ni tó kú," ni mẹkáníìkì, àkọ́bí rẹ̀, dáhùn. "Ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ẹ́ dá wa lágara."

Láti ọ̀sán àná ló ti ń sùn. Ọdún kejìdínlógún rèé tí Bàbá, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń lo fẹnobábítóònù, oògùn àtijọ́ kan tó ń kápá wárápá, tó sì máa ń kun èèyàn lóorun. Hóró kan ni lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Àmọ́ Bàbá kì í gbé e mì láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ yẹn dùn mọ́ ọn ju ṣúgà lọ. Lánàá, aránṣọ tó jẹ́ ọmọ kejì bẹ̀ ẹ́, ó gbà. Nígbà tí mẹkáníìkì dé, Bàbá ní òun kò tíì lo oògùn kankan. Ohun kan náà ló sọ fún àbíkẹ́yìn, olùkọ́ ìṣirò; àwọn méjèèjì bẹ̀ ẹ́, ó sì tún gbà. Kò sí èyí tó bi èkejì léèrè, nítorí kálukú gbà pé òun nìkan lọ́mọ tó mọ ìtọ́jú.

"Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò," ni aránṣọ sọ fún àbúrò rẹ̀, "o ò lè ka hóró?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

"A kì í fi fún bàbá lóògùn."

Dókítà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní àpọ̀jù rẹ̀ lè dá èémí dúró. Bí wọ́n bá sì já a sílẹ̀ lójijì, wárápá yóò padà tagbáratagbára. "Bó bá jẹ́ mẹ́ta lẹ lò, Bàbá, ẹ ń lọ sílé lónìí. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣì wà lọ́dọ̀ wa."

"Mẹ́ta péré ni," ni Bàbá fèsì kíákíá.

Ṣùgbọ́n mẹ́rin ló dín nínú ìgò oògùn láti àná. Gbogbo ojú wá yí sí Ìyá, tó ti ń ráhùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé òun kò rí oorun sùn. Orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà, ó ń hanrun.

"Ìyá," ni mẹkáníìkì pè, "kí lẹ jẹ lánàá?"

"Oúnjẹ," ni Ìyá dáhùn. Kò lajú.

Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ tọkọtaya náà. Yàrá àyẹ̀wò ní èsì yóò jáde ní aago méjì. Títí di àkókò yìí, kò tíì dájú inú ta ni hóró kẹrin wà.