Ìyálé Ló Ń Kọ́kọ́ Mú

Ìyá tó bí mi ní Emùré máa ń sọ pé "kí ló dé" ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sọ, kí n tó mọ "màmá". Àbùmọ́ ni, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òótọ́. Nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ jù, ojú ọlọ́fòófó ni àwọn ọ̀gá fi ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí Dókítà Fámúrewá mú mi láti bá a ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ní ẹni tí kò lè rí nǹkan kó dákẹ́ lòun ń wá. Mo ní ó ti rí i.

Ohun tí ìwádìí náà fẹ́ mọ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lọ́dọ̀ wa, oògùn kan ṣoṣo ló ń lò, ẹ̀jẹ̀ náà ò sì wálẹ̀. Ọkàn á máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, á máa tóbi, ẹsẹ̀ á máa wú, èémí á máa kúrú. Àwọn onímọ̀ wá ń wò ó pé bóyá bí a bá po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú hóró kan, díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò ṣiṣẹ́ ju kí a máa fi kún ẹyọ kan lọ. Ṣé òótọ́ ni? Láti mọ̀, a ó fún àwọn kan ní tuntun, a ó fún àwọn yòókù ní èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Àwọn hóró náà jọ ara wọn bí ìbejì, nọ́ńbà nìkan ló wà lára ike tí a kó wọn sí, kò sì sí ẹni tó mọ èwo ni èwo. Àwa tí a ń pín in gan-an ò mọ̀. Kọ̀ǹpútà kan tó wà níbi tó jìnnà ló mọ̀, kò sì bá wa sọ̀rọ̀.

Ìyá Sàúdátù ni nọ́ńbà mọ́kànlélógójì, Ìyá Bàrákàt ni méjìlélógójì. Ìyàwó olóògbé Alhaji Mọ́rúfù tó ń ra kòkó ni àwọn méjèèjì. Sàúdátù ni ìyálé, ó ti lé ní ọdún méjìdínláàádọ́rin, ojú rẹ̀ ò rí nǹkan kékeré mọ́. Bàrákàt, tó fi ọdún mẹ́jọ kéré sí i, ni ìyàwó. Ọdún kẹfà rèé tí ọkọ wọn ti kú, wọn ò pín ilé, wọn ò pín ìkòkò. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lọ́nà mọ́ṣáláṣí, ẹ dúró díẹ̀, èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo fẹ́ràn wọn ju bó ṣe yẹ kí nọ́ọ̀sì fẹ́ràn aláìsàn lọ, mo sì lè sọ ọ́ báyìí nítorí pé ìfẹ́ yẹn ló kó mi sí wàhálà.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyálé jẹ́ 180, ti ìyàwó jẹ́ 176. Wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Òfin wa ni pé kí a wo oníkálukú nínú yàrá tirẹ̀, kí ẹnìkan má gbọ́ ti ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jọ wọlé, wọ́n jọ jókòó, ojú sì tì mí láti sọ fún àgbàlagbà pé kó jáde. Mo so aṣọ ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ apá Bàrákàt, mo rí 138. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Mo ní kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, oògùn ti mọ ara rẹ̀. Mo wá kan ìyálé: 174. Mo rọra sọ fún un pé kó ní sùúrù, tirẹ̀ náà á wálẹ̀. Ó ní Ọlọ́run tóbi. Bàrákàt ń wo ẹsẹ̀ ìyálé rẹ̀ tó wú nínú bàtà. Mo fún wọn ní ike tuntun méjì, wọ́n kó wọn sínú ọ̀rá kan, wọ́n lọ.

Ní oṣù kejì, gbogbo nǹkan dojú rú. Ìyálé wá sí 140. Ìyàwó gòkè padà sí 168. Ní oṣù kẹta, ìyálé di 132, ó ní òun ti ń rìn dé mọ́ṣáláṣí láìdúró sinmi. Bàrákàt di 188, orí ń fọ́ ọ, ó sì ń fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ nígbà tó rò pé n kò wò ó.

N kò lè jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo so ó mọ́ apá ara mi, mo so ó mọ́ ti akọ̀wé wa, mo so ó mọ́ ti ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ ò ní àrùn kankan. Ọlọ́dẹ ló ní, ó sì di aláìsàn wa láti ọjọ́ náà. Mo ronú kan iyọ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò kan ni wọ́n ń jẹ. Mo ronú kan ààwẹ̀, ààwẹ̀ ti kọjá, àwọn méjèèjì ló sì jọ gbà á. Mo ka hóró tó ṣẹ́kù nínú ike wọn, iye rẹ̀ pé, ẹnikẹ́ni ò fo ọjọ́ kan. Nígbà tí mo ya ìlà ìfúnpá wọn sórí ìwé, ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n gba àárín ara wọn kọjá bí ọ̀nà méjì ní oríta.

Mo gbé ìwé náà tọ Dókítà Fámúrewá lọ. Ó wò ó pẹ́. Ó ní ara ènìyàn kì í bá ara ènìyàn mìíràn ṣe àdéhùn báyìí. Ó ní àwòrán ọkàn Bàrákàt tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà fi hàn pé ògiri ọkàn rẹ̀ ti ń nípọn, bí a bá sì fi í sílẹ̀ sí 188 fún oṣù mélòó kan sí i, àrùn rọpárọsẹ̀ lè ṣáájú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n lọ sí ilé wọn, kí n jókòó, kí n lo ojú mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti ń rí Bàrákàt lójú àlá tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀sán ni mo débẹ̀. Ilé wọn wà ní ìsàlẹ̀ Olóṣùnta, níbi tí òjìji àpáta ti ń bo àgbàlá kí ìrọ̀lẹ́ tó dé. Inú wọn dùn sí mi ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ní n kò ní í lọ láìjẹun. Bàrákàt gún iyán. Mo jókòó, mo ń wò, bí wọ́n ṣe rán mi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àwo ẹran. Bàrákàt gbé méjì kalẹ̀ síwájú ìyálé rẹ̀, ó dúró. Ìyá Sàúdátù nawọ́, ó mú ọ̀kan, Bàrákàt mú èyí tó kù. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọsàn méjì. Bàrákàt gbé wọn kalẹ̀, ó dúró. Ìyálé mú, ìyàwó mú èyí tó kù. Mo béèrè, mo ṣe bí ẹni tó ń ṣeré, bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ohun gbogbo. Ìyá Sàúdátù rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ àwọn kì í pín nǹkan fúnra rẹ̀ nítorí kò fẹ́ ìjà. Ì báà jẹ́ aṣọ ọdún, ì báà jẹ́ ẹran iléyá, á kó méjì fún ìyàwó, ìyàwó á tẹ́ ẹ síwájú òun, òun á kọ́kọ́ mú. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé. Àwọn ò jà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo rántí ike méjì inú ọ̀rá. Mo ní kí wọ́n dákun, kí oníkálukú lọ mú ike oògùn rẹ̀ wá láti yàrá rẹ̀. Ìyálé mú tirẹ̀ jáde kíá. Bàrákàt ní orí ń fọ́ òun, kí n jẹ́ ó di ọ̀la. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó wọlé, ó pẹ́, ó jáde. Ti ìyálé, méjìlélógójì ló wà lára rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ Bàrákàt ni mọ́kànlélógójì.

Inú ọ̀rá kan ni wọ́n máa ń kó ike wá fún mi. Èmi ni mo ń yọ wọ́n, tí mò ń ka nọ́ńbà, tí mò ń kọ iye hóró sínú fáìlì tó bá nọ́ńbà mu. N kò bi ẹnikẹ́ni rí pé ẹnu ta ló gbé e mì.

Ìyá Sàúdátù ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Nǹkan méjì wọ ilé, ìyàwó tẹ́ ẹ, òun mú. Ó ní àbí oògùn kì í ṣe nǹkan ni? Mo ṣàlàyé fún un pé kò jọra, pé ohun tí a fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo ike tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ di orí.

Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ bá tún yọ sọ́rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gba oògùn láti ọjọ́ tí mo pàtẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyálé mú ike ìyàwó. Ẹ̀ẹ̀kan, mo lè gbà pé ó ṣèèṣì. Ṣùgbọ́n mo ti wo ọwọ́ ìyálé láti ọ̀sán. Àwo ọ̀tún ló mú. Ọsàn ọ̀tún ló mú. Kò wò wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kàn lọ síbi tó mọ̀ ni. Mo yíjú sí Bàrákàt, mo bi í pé ọwọ́ wo ló gbé méjìlélógójì sí.

Ó ní, "Ọ̀tún."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìyálé yín yóò ti mú un?"

"Ọ̀tún náà ni mò ń gbé èyí tó dáa sí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ulé yìí, ọmọ mi." Kò gbójú sókè. "Ulé kan náà là ń gbé. Mò ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri bó ṣe ń wá èémí. Mi ò lè máa mí dáadáa kí n máa gbọ́ urú ẹ̀."

 Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Sàúdátù ti ń rò pé òun ní orí ire tó bá dọ̀rọ̀ ká mú nǹkan, pé ẹran tó lọ́ràá àti aṣọ tó mọ́lẹ̀ ló ń wá ọwọ́ òun. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi etí ìborùn nù ún. Ẹkún gba èmi náà, ìtìjú sì ni tèmi, nítorí bí n kò bá pàtẹ́wọ́ níjọ́sí, Bàrákàt kì bá mọ ike tó dáa.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà láìfi ìpàtẹ́wọ́ mi pamọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ̀bi mi àti gbogbo rẹ̀, mo sì kọ ọ́. Wọ́n yọ àwọn ìyá méjèèjì kúrò nínú ìwádìí. Mo ní ṣùgbọ́n ẹ wò ó, sà, oògùn kúrò lára ẹnìkan bọ́ sára ẹnìkejì, ìfúnpá sì tẹ̀ lé e, ṣé a ò ti rí ìdáhùn? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ènìyàn méjì, ìtàn ni, ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ìdáhùn, kí n dúró di ọdún tó ń bọ̀ tí kọ̀ǹpútà yóò sọ̀rọ̀. Ìdúró yẹn ń yún mi lára títí di bí mo ṣe ń sọ èyí.

Àwọn ìyá ò lè dúró. Dókítà kọ oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí gbogbo ilé ìwòsàn ti mọ̀ fún àwọn méjèèjì, irú kan náà, iye kan náà. Ó ní ọkàn Bàrákàt ṣì lè rọ̀ padà bó bá ń lò ó lójoojúmọ́. Mo di wọ́n sí àpò ìwé méjì, mo kó wọn fún Bàrákàt bí ìṣe wọn, mo sì rí i tó fẹ́ tẹ́ wọn síwájú ìyálé lórí tábìlì mi.

Ìyá Sàúdátù gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ wọn fúnra rẹ̀, ọ̀kan sí ọ̀tún Bàrákàt, ọ̀kan sí òsì, ó fi ọwọ́ tó wọn kí wọ́n lè gún régé. Ó ní kó mú.

Bàrákàt wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó nawọ́ sí ti òsì. Ìyálé rẹ̀ gbá a lọ́wọ́.

"Uyàwó," ó ní, "ọ̀tún ni mo gbé tìrẹ sí."