Òróró Àgbọn Lójú Ọ̀sà

Èmi ni mo máa ń rún àgbọn tí a bá lọ pẹja. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lójú ọ̀sà Abaiang, erékùṣù wa, tí ìgbì kéékèèké ò jẹ́ kí a rí ìsàlẹ̀, n ó rún àgbọn gbígbó títí yóò fi yọ òróró, n ó sì tu ú sómi. Ẹ̀kán tó bá bọ́ síbẹ̀ yóò tẹ́, yóò máa fẹ̀, yóò máa fẹ́lẹ́, títí ojú omi yóò fi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà náà la ó rí ẹja kedere. Àgbọn tútù kò ní òróró tó lè ṣe irú ẹ̀.

Àwa mẹ́ta la wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn: èmi, Ioteba ọkọ mi, àti Tebano ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìdí iṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Bàbá wa ti fi òkúta mọ ọgbà ìdẹja kan sínú ọ̀sà, èmi ló sì fún kó tó kú. Tebano ní òun kàn fẹ́ wo ọgbà náà ni. Irọ́ ni. Inú ti ń bí i láti ilé.

"Àna, ẹ rọra jókòó," Ioteba wí. "Ọkọ̀ irin ti bà yín jẹ́. Tiwa yìí máa ń dojú dé."

"Ta ló ń bá ọ ṣeré? Orí òkúta bàbá mi lo ti ń jẹun."

"Ọmọ bàbá yín ló gbé e fún mi. Òun náà rèé, ẹ bi í."

Tebano gbé àjẹ̀ sókè. Mo dìde láti là wọ́n, èmi ni àjẹ̀ náà sì bà. Mo gbọ́ bí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣe kán. Ioteba fò mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n ń jà, ọkọ̀ ń mì, Tebano sì fi ìdí àjẹ̀ gún un lẹ́bàá etí. Ó tún gún un. Ọkọ mi ṣubú sómi láìké.

Ẹnu mi ò pa dé mọ́. Bí mo bá mòòkùn wá a, omi ni n ó gbé mì. Mo tu ẹ̀jẹ̀ sómi, ó fọ́n ká, ìgbì sì ń lọ bó ṣe ń lọ.

"Ẹ bá mi rún àgbọn," mo ń wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wò mí, ó mú àgbọn, ó rún un, ó tu ú. Ojú omi là díẹ̀. A rí Ioteba lẹ́bàá òkúta iyùn, ó ń ju ọwọ́. Ó ṣì wà láàyè. Tebano bẹ́ sómi.

Afẹ́fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í da ojú omi rú. Ẹ̀rù bà mí pé kò ní rí ọkọ mi. Mo ki àgbọn tó kù bọ ẹnu, mo fi eyín apá kan rún un, omijé ń dà lójú mi. Mo tu ú, mo tún rún, mo tún tu. Òróró òun ẹ̀jẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ. Ìsàlẹ̀ ọ̀sà mọ́ kedere.

Mo rí Tebano tó di ọkọ mi nírun mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wá ti orí rẹ̀ bọ abẹ́ òkúta, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn mọ́lẹ̀. Ioteba ń ta ẹsẹ̀, ń ta ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, kò ta mọ́.

Tebano yọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di etí ọkọ̀ mú. "N ò rí i, Kaitira. Omi ti gbé e lọ."

Ó wo ojú omi tó tẹ́jú yí i ká. Ó wo ẹnu mi. Ó mọ̀ pé mo ti rí i.

Mo mú ọ̀kọ̀ ìpẹja tó wà lẹ́sẹ̀ mi, mo fi gún un lọ́fun. Bí wọ́n bá jí i dìde lónìí, n ó tún gún un.

Ìyá wa dúró létí omi nígbà tí mo gúnlẹ̀. Ó wo inú ọkọ̀ tó ṣófo, ó wò mí, ó bi mí pé ọmọ òun dà. N ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, mo kàn nawọ́ sí ojú ọ̀sà. Ó rò pé Tebano ṣì ń wá Ioteba nínú omi. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ń ṣìpẹ̀ fún mi pé kí n má sunkún, pé ẹ̀gbọ́n mi yóò bá mi wá ọkọ mi rí.